Ní Àlàfo Baabie

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Keje ni Merran kọ́kọ́ gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn wà lójú fèrèsé, kì í ṣe àkókò tí òkú ń rìn. Ibi tó ti ń gbé garawa eérú jáde láti ìdí ìkòkò ọtí bálì tó ń hó nílé ìdáná ni ó gbọ́ ọ: tọ̀, fààà. Tọ̀, fààà. Ẹsẹ̀ kan ń tẹlẹ̀, èkejì ń wọ́ tẹ̀lé e bí ọmọ tí kò fẹ́ lọ sílé ìwé. Ó dúró, ẹsẹ̀ náà dúró. Ó tún rìn, ẹsẹ̀ náà rìn. Ìgbà tó wolẹ̀ ló rí i pé bàtà òsì òun fúnra òun ló ti ha ilà funfun sára òkúta ilẹ̀, lórí ilà àtijọ́ tí bàtà Baabie ìyá rẹ̀ ti ha síbẹ̀ ní ogójì ọdún sẹ́yìn.

"Èmi ni," ló sọ fún ara rẹ̀. "Kì í ṣe òkú."

Ìyẹn kò fi í lọ́kàn balẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ẹsẹ̀ òkú lè sá. Ẹni tí ẹsẹ̀ òkú bá wà lára tirẹ̀, ibo ló fẹ́ sá gbà?

Àìsàn tó ń ṣe é kì í ṣe àjèjì ní àwọn erékùṣù Orkney. Lẹ́tà méjì ni wọ́n fi ń pè é, MS. Ó máa ń bó ara iṣan bí eku ṣe ń bó èèpo wáyà, tí iṣẹ́ tí ọpọlọ bá rán sí ẹsẹ̀ kò fi ní débẹ̀ mọ́, tàbí kó pẹ́ kó tó dé. Ó ṣòro kí o tó rí agboolé tí kò ní ẹnìkan tó ní i, bóyá àbúrò bàbá, bóyá ìyàwó ọmọ. Ọdún mẹ́ta rèé tí dókítà ti sọ ti Merran fún un ní Aberdeen, ó sì ti mọ bí a ṣe ń bá a gbé. Ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló ń gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ ní itan; abẹ́rẹ́ náà wà nínú fíríìjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tà. Ó ń jókòó bó ọ̀dùnkún. Iṣẹ́ tó bá le, àárọ̀ ló ń ṣe é, torí tí ọ̀sán bá ti yẹ̀, àárẹ̀ á dé, kì í ṣe èyí tí oorun lè wò sàn, àárẹ̀ bíi pé wọ́n gbé òkúta lé èèyàn láyà. Gbogbo ìyẹn ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí kò lè ṣe ni kó sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní erékùṣù kékeré tiwọn, yàtọ̀ sí Edwin ọkọ rẹ̀. Àlàfo Baabie ló fà á.

Àgùntàn ibẹ̀ kì í jẹ koríko. Ewé òkun ni wọ́n ń jẹ, ní etíkun, lẹ́yìn ògiri òkúta tó yí erékùṣù ká. Tí ọjọ́ rírẹ́ irun wọn bá tó, gbogbo ilé á jáde, wọn á tò láti ìdí ògiri dé ẹnu omi, wọn á máa lé agbo náà bọ̀ wá sínú ọgbà òkúta. Ilé kọ̀ọ̀kan ní ibi tirẹ̀ tó ń dúró láti ayé bàbá ńlá wọn. Tí ẹnìkan bá yẹ̀ níbi tirẹ̀, ibẹ̀ ni agbo á gbà tú.

Ọdún tí Merran pé mẹ́tàlá, ibi tí ìyá rẹ̀ dúró ni wọ́n gbà tú. Baabie ṣubú gbalaja sínú ewé òkun, agbo fò ó kọjá, wọ́n gorí àpáta lọ, omi tó ń kún bọ̀ sì gbé mẹ́tàdínlógún nínú wọn. Láti ìgbà náà ni orúkọ ibẹ̀ ti di Àlàfo Baabie. Àwọn ọmọ tí wọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Baabie ń pè é bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó mutí ni. Ta ló fẹ́ jiyàn? Baabie ló ń pọn ọtí bálì tí gbogbo erékùṣù ń mu nígbà ìkórè, ọjọ́ tó bá sì ń pọn ọtí gan-an ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé e. Gbogbo wọn ló rí i. Merran náà rí i.

Ó tilẹ̀ wá ìgò. Ó wá a nínú àpótí ọkà, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nílé adìyẹ. Kò rí nǹkan kan, ìyẹn ló wá mú kó gbà pé ọ̀gá ni ìyá òun nínú kí a fi nǹkan pamọ́. Lọ́jọ́ kan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ní, "Ẹ má wá sílé ìwé wa mọ́, Màámi. Ẹ ti mutí yó."

"N kò tọ́ ọ wò, ọmọ mi," ni Baabie wí. "Àní n kò tọ́ ọ wò."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Baabie kò yọjú sílé ìwé mọ́ láyé. Àwọn tó máa ń kún ilé ìdáná rẹ̀ nígbà ìkórè náà kò yọjú mọ́: ẹsẹ̀ gìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àńjọ̀fẹ́ kú, a ò rí ẹnì kan. Ọdún mẹ́fà ló fi wà bẹ́ẹ̀ kó tó kú nínú bẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn àdògán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dákẹ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ọdún mẹ́ta ṣáájú èémí rẹ̀.

Merran kò pọn ọtí rí títí di ọdún yìí, tí obìnrin tó ń pọn ọ́n kú, tí wọ́n wá bẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí wọn yóò lé àgùntàn sì ti ku ọ̀sẹ̀ méjì péré.

"Jẹ́ kí n dúró síbi tìrẹ," ni Edwin wí.

"Ta ló máa dúró lẹ́nu omi? Èmi?"

"Sọ fún Dod nígbà náà."

"Kí n sọ pé kí ni? Pé ilé wa tún fẹ́ ṣubú?"

Edwin bu bọ́tà sí búrẹ́dì rẹ̀. "Tí o ò bá sọ, tí o sì ṣubú, kí ni wọ́n máa pe ibẹ̀? Àlàfo Ìyá àti Ọmọ?"

Ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an nìyẹn. Tó bá sọ ọ́, wọn á gbé e jókòó sílé bí ìyá rẹ̀. Tí kò bá sọ ọ́, etíkun á sọ ọ́ fún un lójú gbogbo ayé.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Thora, nọ́ọ̀sì tó ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú kékeré lẹ́ẹ̀kan lóṣù, jókòó tì í nídìí tábìlì ilé ìdáná, ó ń kọ nǹkan sínú ìwé.

"Ọjọ́ wo ni ẹsẹ̀ yẹn burú jù?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

"Kí lo ń ṣe?"

"Mo ń pọn ọtí."

"O dúró ti ìkòkò tó ń hó? Fún wákàtí mélòó?"

"Bíi mẹ́ta."

Thora mi orí. "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé ọtí lo ń sè ni àbí ara rẹ? Ṣebí mo ti sọ fún ẹ pé má fi omi gbígbóná wẹ̀. Ooru ìkòkò ńkọ́, ṣé ìyẹn kì í ṣe ooru ni? Tí ara bá ti gbóná, iṣan tó ti bó kò lè jíṣẹ́ mọ́. Tí ara bá tutù, ẹsẹ̀ á padà síbi tó wà. Ooru ni, kì í ṣe pé àìsàn náà le sí i."

Merran wo ìkòkò ńlá náà. Ìkòkò ìyá rẹ̀ ni.

"Tí ẹnìkan bá wà," ló wí, "tó jẹ́ pé gbogbo ọjọ́ tó bá ti pọn ọtí ló máa ń ṣubú?"

"Tó pọn ọ́n, àbí tó mu ún?"

"Tó pọn ọ́n."

Thora gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Ta ni?"

Merran tún wo ìkòkò náà. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí àgùntàn tú ló ń rí: ìyá rẹ̀ ti wà nídìí ìkòkò láti ìdájí, ojú rẹ̀ pọ́n, òógùn ń kán nírun rẹ̀, ó nawọ́ mú ẹ̀wù òjò, ó ní òun ń bọ̀ kíákíá. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ṣí díẹ̀, ó gbọ́ ọ nísinsìnyí. Tọ̀, fààà. Ó bojú wo abẹ́ tábìlì. Ẹsẹ̀ òun méjèèjì wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn ò mira. Thora ti tún mú bírò rẹ̀, ó ń kọ̀wé lọ.

Ọjọ́ tí wọn yóò lé àgùntàn pé. Òwúrọ̀ tutù, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti àríwá, èyí tó dára fún ẹsẹ̀. Merran kò dé ìdí iná rárá. Dod Scollay, arúgbó ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin tó jẹ́ olórí wọn, dúró lórí òkúta, ó ń pe ibi kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló wà ní Ìdí Ògiri?"

"Àwa rèé. Ẹ rọra kígbe, Dod, àgùntàn á rò pé àjíǹde ti dé."

"Ìwọ Lowrie, tí àjíǹde bá dé, ojú oorun ni yóò bá ọ. Ta ló wà ní Àlàfo Baabie?"

Merran gbé ọwọ́ sókè. Lowrie, ọmọkùnrin tí wọn ò tíì bí nígbà ayé Baabie, bá a dáhùn. "Merran ni. Àbí ó ti mu ọtí ìkórè wa tán kó tó jáde?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ibi nínú. Ẹ̀rín náà ló mú Merran sọ̀rọ̀.

"Ìyá mi kò mutí," ló wí. "Àìsàn tó wà lára mi báyìí ló ṣe é. MS ni. Ooru ìkòkò ọtí tí gbogbo yín ń mu ló máa ń ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò. Ẹsẹ̀ tèmi náà lè má gbé mi lónìí. Mo ní kí ẹ mọ̀ kí agbo tó dé."

Lowrie wolẹ̀, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Dod sọ̀kalẹ̀ lórí òkúta díẹ̀díẹ̀, ó wá dúró níwájú Merran.

"Mo mọ̀ pé kò mutí," ló wí.

"Ẹ mọ̀?"

"Èmi ni mo gbé e dìde. Ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn mí nímú. Òórùn tíì ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ara aṣọ rẹ̀ ni ọtí ti ń rùn."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò fi sọ ọ́?"

Arúgbó náà wo omi. "Mẹ́fà nínú àwọn àgùntàn tó bómi lọ, tèmi ni. Inú ń bí mi. Ìgbà tí inú mi fi máa rọ̀, ibẹ̀ ti gba orúkọ."

Merran rò pé òun á bú u. Kò rí ọ̀rọ̀ èébú kan kó jọ. Òun náà tó wá ìgò nílé adìyẹ ńkọ́?

Dod bẹ̀rẹ̀, ó fa àpótí ẹja kan tí omi gbé wá jáde nínú ewé òkun, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ sí àárín àlàfo náà gan-an. "Jókòó. Àgùntàn kì í béèrè bóyá èèyàn dúró tàbí ó jókòó. Kí ó ṣáà ti rí èèyàn níbẹ̀."

Ó jókòó, ó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di àpò ìdọ̀họ mú ní ọwọ́ ọ̀tún. Kò pẹ́, agbo yọ lẹ́yìn àpáta, ìrìn wọn ń dún bí òjò lórí páànù. Abo àgùntàn dúdú kan ló ṣáájú. Ó ń bọ̀ tààrà sí ọ̀dọ̀ Merran, torí ibẹ̀ ló kéré jù lójú rẹ̀. Merran fi àpò náà juwọ́ sí i. Àgùntàn náà kò yà. Ó kù bí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá. Ó kù mẹ́fà. Ẹsẹ̀ òsì Merran ti kú bí igi. Kò sí dídìde.

Àgùntàn náà dúró lójijì. Kì í ṣe Merran ló ń wò. Ó gbójú sókè, ó ń wo òkè èjìká rẹ̀, níbi tí orí ẹni tó bá dúró lẹ́yìn rẹ̀ ìbá wà. Lẹ́yìn náà ló yà, gbogbo agbo sì yà tẹ̀lé e, wọ́n yà jìnnà, jìnnà ju bí àgùntàn ṣe ń yà fún ẹni kan ṣoṣo lọ, wọ́n gba inú ọgbà lọ.

Afẹ́fẹ́ àríwá ń fẹ́ lu Merran lójú, òkun nìkan ló sì yẹ kó máa rùn. Òórùn bálì tó gbóná ló gbọ́. Kò wẹ̀yìn.

Nílé, ní ọ̀sán, Edwin fẹ́ dì í mú wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Merran ní kó ṣíwájú lọ gbé tíì kaná. Ó fi ọwọ́ kan ògiri, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ lórí ilà funfun náà, tọ̀, fààà, títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ibi tó ti dúró nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá.

"Mo wá ìgò náà, Màámi," ló wí. "Mo wá gbogbo ibi. N kò rí i."

Ó dúró. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ náà tún rìn lẹ́ẹ̀kan sí i, kó tó dúró.