Orúkọ Tí Ẹfúnróyè Kò Pè

Ẹfúnróyè kọ̀ láti pe orúkọ Joseph Adéníran ní kóòtù ìbílẹ̀ Ìlá. Ó ti fi irin búra, ó sì ti sọ pé ojú òun ni Joseph ṣe ń rìn káàkiri agbo ilé ní kékeré, kí àwọn òbí rẹ̀ tó gbé e lọ sí Kùmásì ní Gánà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àlàó, akọ̀wé kóòtù, béèrè orúkọ, ó pa ẹnu mọ́.

"Mo ní kí ni orúkọ rẹ̀, ìyá?"

"Ọkọ mi ni."

Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ọkọ yìí mà kéré o!" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

Joseph kò rẹ́rìn-ín. Ọdún 1959 ni. Ilé-ìwé ìjọ kan ní Òkè-Ìlá fẹ́ gbà á ní olùkọ́, bí ó bá mú ìwé ẹ̀rí wá, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ Ajé, pé ọmọ ìbílẹ̀ Nàìjíríà ni. Ní Gánà, wọ́n ti sọ fún un pé àlejò ni. Bí Ìlá bá tún sọ bẹ́ẹ̀, kò mọ ibi tí yóò pè ní ìlú rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ ti kú sí Kùmásì. Ẹfúnróyè, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀, nìkan ló kù nílé tó rántí ìgbà èwe rẹ̀.

Joseph sọ̀rọ̀ sí i létí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é. Ọ̀rọ̀ kan péré ni."

"Ẹ má bínú, ọkọ mi. Kò ṣeé ṣe."

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Joseph ti dé láti Gánà, Adúmáradán, orúkọ àdàpè, ni obìnrin náà ń pè é. Joseph ti rò pé ó ti gbàgbé orúkọ òun ni.

"Mo pọ̀n wọ́n," ni Ẹfúnróyè sọ fún akọ̀wé. "Wọ́n ṣubú lé etí odó, wọ́n sì fi orúnkún gbọgbẹ́. Àpá rẹ̀ nìyí, ẹ wò ó."

"Ìyá, orúkọ ni mo béèrè, n kò béèrè àpá." Àlàó gbé kálàmù sílẹ̀, ó yíjú sí Baba Oyèlẹ́yẹ, olórí kóòtù. "Bàbá, ẹlẹ́rìí yìí kò mọ ẹni tó wá jẹ́rìí fún."

Baba Oyèlẹ́yẹ ti ń wo obìnrin náà láti ìgbà díẹ̀. "Ẹfúnróyè, ta ni ó ń kọ̀wé níwájú mi yìí?"

"Àlàó ni."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin ni Baba Oyèlẹ́yẹ."

"Ọmọ tí ìwọ bí?"

"Ìyádùnní."

"Ẹni tó dúró tì ọ́ yìí?"

"Ọkọ mi ni."

"Ìgbà tí o wọ ilé wọn, ó ti dáyé?"

"Wọ́n ti ń rìn, bàbá."

Baba Oyèlẹ́yẹ kọjú sí akọ̀wé. "Àlàó, ǹjẹ́ ìyàwó rẹ ń pe àbúrò rẹ tó bá nílé lórúkọ?"

Àlàó tẹrí ba. "Rárá, bàbá."

"Ká ní àlejò ni ọkùnrin yìí, obìnrin yìí ì bá ti pe orúkọ rẹ̀ láti àárọ̀. Ọmọ tó bá nílé ọkọ ni kò gbọdọ̀ pè lórúkọ. Ó ti jẹ́rìí. Jẹ́ kí ọkùnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀."

Joseph sọ ọ́. Ẹfúnróyè ń wo ilẹ̀ títí ó fi parí.

"Ṣé òun nìyẹn?" ni Àlàó béèrè.

"Àwọn ni."

Àlàó kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rí, ó sì lu òǹtẹ̀ sí i. Joseph gba ìwé náà. Níta, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ẹfúnróyè, ṣùgbọ́n obìnrin náà fò sẹ́yìn.

"Ẹ dìde o! Ìyàwó yín ni mí. Kí ni wọ́n kọ́ yín ní Kùmásì gan-an?"

Joseph rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ Ajé, ó mú ìwé náà lọ sí Òkè-Ìlá. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìlú rẹ̀, ó kọ Ìlá. Níbi tí wọ́n ti béèrè orílẹ̀-èdè, ó kọ Nàìjíríà. Wọ́n gbà á síṣẹ́.