Koríko Ìyá Àbújá

“Yèyé! Yèyé o!”

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Àga tí Yẹ́misí gbé ìyá rẹ̀ jókòó sí kó tó lọ síbi iṣẹ́ ṣófo, ọ̀pá tí ìyá náà fi ń rìn kò sì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yẹ́misí ju báàgì rẹ̀ sórí pèpéle. Láti Òmù ló ti ń bọ̀, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀, eruku títì ṣì wà lójú rẹ̀. Kò tiẹ̀ wulẹ̀ wo inú yàrá. Ògiri ló lọ tààrà, ó nàgà, ó sì yọjú sí ilé kejì.

Ìyá rẹ̀ nìyẹn. Ó ti bọ́ bàtà, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀ sórí koríko Ìyá Àbújá, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín músẹ́ o. Ẹ̀rín tí èjìká ń gbọ̀n sí ni.

“Yèyé, mo ti dé.”

“Ẹ káàbọ̀, Ìyá Máyọ̀wá,” ni Ìbílọlá, onílé náà tí àdúgbò ń pè ní Ìyá Àbújá, dá a lóhùn. “Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má wulẹ̀ dáná fún Yèyé mọ́, a ti jẹ àsáró.”

“Ó rọ̀ dáadáa,” ni ìyá fi kún un. “Kò le bíi tìrẹ.”

Yẹ́misí rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá rí ẹ̀rín náà yóò mọ̀ pé eyín nìkan ló wà níbẹ̀, inú ò sí níbẹ̀. Ta ló ń wẹ̀ fún ìyá yìí láràárọ̀? Yẹ́misí ni. Ta ló ń fọ aṣọ rẹ̀, tó ń fi ìpara ra ẹsẹ̀ rẹ̀, tó ń wá oògùn kiri fún un? Yẹ́misí náà ni. Kí ló sì ń gbà lẹ́nu rẹ̀? Ó gbóná jù. Ó le jù. O pẹ́ jù. Àfi kí ìyá náà dé ilé kejì, kí ẹ̀rín wá sọ. Ìlara ni nǹkan tó ń jẹ Yẹ́misí lọ́kàn, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fún un lórúkọ mìíràn.

Ẹ sì wá wo koríko ọ̀hún náà. Ní Ọ̀yẹ́, ẹni tó bá mọ ara rẹ̀ á gbálẹ̀ iwájú ilé rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi máa dán. Inú igbó ni koríko ń gbé, òun àti ejò. Bí koríko bá hù sí ẹnu ọ̀nà rẹ, àwọn èèyàn á máa béèrè bóyá onílé ti kú ni. Àmọ́ Ìbílọlá ti Àbújá dé, ó gba àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbin koríko ní ìdì kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gbin ẹ̀fọ́. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo àdúgbò ti pọ́n bí osùn, koríko yìí tutù yọ̀yọ̀. Ó ń fi rọ́bà fọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ gbà mí o, ta ló ń bomi rin koríko?

Opó ni Ìbílọlá. Bàálù tí ọkọ rẹ̀ wọ̀ já, kò sì sẹ́ni tó yè nínú rẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n jọ wọ̀ ọ́. Wọ́n jọ dé pápákọ̀ òfurufú ni, òun bá yí padà sílé. Ohun tó ń sọ ni pé ara òun ò yá lọ́jọ́ náà. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ rí, àdúgbò sì bá a sọ èyí tó kù.

Ìyá Gift, aránṣọ tó wà lórígun títì, ló mú èyí tó lágbára jù wá. Inú fóònù rẹ̀ ló wà, lórí Wasáàpù: ohùn ọkùnrin kan tí ẹnì kankan ò mọ̀, tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé àwọn kan ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bàálù náà máa já, ẹ lọ wo àwọn tó yí padà, ẹ béèrè ohun tí wọ́n gbà. Ìgbà tí Yẹ́misí kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó pòṣé.

“Ìyá Gift, ṣé ẹ ò níṣẹ́ ṣe ni? Ta ni ọkùnrin yìí?”

“Kò lè sọ orúkọ ẹ̀. Wọ́n á pa á.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán aṣọ mi.”

Kí ọ̀rọ̀ àsáró tó wáyé nìyẹn o. Lọ́jọ́ kejì àsáró, Yẹ́misí fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ìsọ̀ Ìyá Gift, ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ní, “Ohùn ọkùnrin yẹn, ẹ jẹ́ kí n tún gbọ́ ọ.” Ohùn náà kò yí padà. Kò sí ẹ̀rí tuntun kan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ó wọlé sí i lára, ó sì rí ibi jókòó sí.

“Àbí ẹ ò rí i?” ni Ìyá Gift wí. “Obìnrin tọ́kọ ẹ̀ kú tó ń gbin koríko. Kí ló wà lábẹ́ ẹ̀?”

“Mo rí i láàárọ̀ yìí,” ni Yẹ́misí wí. “Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ koríko náà, ó ń fi ọwọ́ walẹ̀.”

Òótọ́ ni. Ó rí i bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń lọ bu omi. Ká ní ó dákẹ́ síbẹ̀ ni, ì bá dára.

“Kí ló ń rì mọ́lẹ̀?”

“Nǹkan funfun kan.”

Ibi tí funfun ti wá, Yẹ́misí fúnra rẹ̀ ò lè sọ. Ó kàn bọ́ sí i lẹ́nu ni. Ìyá Gift dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ.

“Funfun? Aṣọ ni?”

“Ó... ó jọ aṣọ.”

Kò pẹ́ rárá. Yẹ́misí wà nínú takisí tó ń ti Òmù bọ̀ wá sí Ọ̀yẹ́, nígbà tí obìnrin kan tí kò mọ̀ rí, tó gbé apẹ̀rẹ̀ ata lé itan, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún ẹni tó jókòó tì í. Ó ní opó kan wà ní Ọ̀yẹ́ tó máa ń fi aṣọ funfun di nǹkan, tó sì máa ń rì í mọ́ abẹ́ koríko ní ìdájí. Ó ní ìdí nìyẹn tí koríko náà kò fi í gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. “Àgbàlagbà tó bá sì ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ báyìí, kò ní í rántí ọmọ tó bí mọ́. Ọ̀dọ̀ opó yẹn ló máa máa wù ú.”

Orí Yẹ́misí wú. Àwọn mìíràn náà ti rí i! Kì í ṣe òun nìkan! Ṣé ó rántí pé òun lòun bí funfun yẹn, pé ẹnu òun lọ̀rọ̀ náà ti jáde, kó tó lọ yíká kó sì padà wá bá òun nínú mọ́tò? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ó rántí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tí kò rántí ọmọ rẹ̀ mọ́ yẹn dùn mọ́ ọn. Nígbà náà, kì í ṣe pé àsáró òun le. Kì í ṣe pé òun ò mọ ìtọ́jú ṣe. Wọ́n fi oògùn mú Yèyé ni! Ó sunkún díẹ̀ nínú mọ́tò náà, ẹkún ìtura.

Lọ́jọ́ Sátidé tí gbogbo àdúgbò máa ń jáde ṣe ìmọ́tótó àyíká, àdá àti ọkọ́ ti wà lọ́wọ́ oníkálukú kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ koríko. Kí wọ́n tó ro gọ́tà tán, ọ̀rọ̀ ti di ariwo níwájú ilé Ìbílọlá. Bàbá Ògúnmọ́dẹdé, alágbẹ̀dẹ tó jẹ́ olórí àdúgbò, dúró láàárín wọn, ó ń sọ pé kí wọ́n rọra. Ìbílọlá jáde pẹ̀lú ìborùn léjìká.

“Ẹ̀yin ará àdúgbò, kí lẹ ń wá?”

“Ohun tí ẹ rì mọ́bẹ̀!” ni Ìyá Gift wí.

Ìbílọlá wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀. “Ẹ gbẹ́ ẹ,” ló wí, ó sì kúrò lọ́nà fún wọn.

Wọ́n gbẹ́ ẹ. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ya koríko náà jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan! Ekòló ni wọ́n rí, àti òkúta, àti ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan. Kò sí aṣọ, kò sí funfun. Nígbà tí gbogbo iwájú ilé ti dà bí ebè tó fọ́, wọ́n dúró, wọ́n ń mí gúlegúle, wọ́n ń wo ara wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ kò mọ ọmọ aráyé.

“Ó ti kó o kúrò,” ni Ìyá Gift wí.

“Ẹ̀n-ẹ́n!” Ara gbogbo wọn tún yá gágá. “Ó ti gbọ́ pé a ń bọ̀. Inú ilé ló kó o lọ. Ẹ jẹ́ ká wọlé!”

“Kò sẹ́ni tó máa wọlé,” ni Bàbá Ògúnmọ́dẹdé wí. Ó gba àdá kan lọ́wọ́ ẹni tó sún mọ́ ọn, ó nu yẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ sí ṣòkòtò. “Ẹ ò lè tìtorí àgbọ́sọ wọ ilé opó. Ẹni tó fi ojú ara ẹ̀ rí nǹkan funfun yẹn, kó wá síbí, kó fi ẹnu kan irin yìí, kó sì sọ ọ́. Bó bá sọ ọ́, èmi gan-an ni màá ṣáájú yín wọlé.”

Àwọn tó wà níwájú sún sẹ́yìn. Ẹni tó ń lọ sí Áńgílíkà àti ẹni tó ń lọ sí Kátólíìkì, kò sí èyí tó fẹ́ fi irin Ògún ṣeré nínú wọn. Kálukú wá ń wí pé èmi gbọ́ ọ lẹ́nu lágbájá ni, èmi gbọ́ ọ ní ìsọ̀ ni. Ìyá Gift bá na ìka.

“Ìyá Máyọ̀wá ló rí i. Ìyá Máyọ̀wá, ẹ sọ ọ́ fún wọn.”

Yẹ́misí ò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé iwájú bàbá náà. Ìyá rẹ̀ ti jáde wá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó dúró sórí ilẹ̀ tí wọ́n tú, ó ń wá ibi tí koríko ṣẹ́ kù sí kó lè gbé ẹsẹ̀ lé e. Àdá wà níwájú ẹnu Yẹ́misí. Bó bá sọ pé òun rí i, wọ́n á tú ilé yìí ká, Ìbílọlá á sì kó kúrò ní Ọ̀yẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Yèyé á padà sórí àga rẹ̀. Ẹ má purọ́ fún ara yín, ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀.

“Mi ò rí nǹkan funfun kankan,” ló wí. “Mo rí i tó bẹ̀rẹ̀ ni. Funfun yẹn, èmi ni mo fi kún un. Irọ́ ni mo pa.”

Ẹnu ya gbogbo wọn. Yẹ́misí retí kí wọ́n bú òun, kí wọ́n tutọ́ sóun lára. Ìyá Gift ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

“Háà! Ẹ ò rí i? Wọ́n ti dè é lẹ́nu! Ìyá ẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ mú, òun náà rèé!”

“Mo ní irọ́ ni mo pa!”

“Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n máa ń wí. Ẹ wo ojú ẹ̀, ẹ wò ó dáadáa.”

Wọ́n wò ó lóòótọ́. Yẹ́misí rí i bí orí ṣe ń mì lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àwọn tó ti ń bá a kẹ́gbẹ́ láti kékeré ṣe ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Bó ṣe ń pariwo pé irọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni ó túbọ̀ ń dájú lójú wọn. Bàbá Ògúnmọ́dẹdé lé wọn lọ. Wọ́n lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn yí ọwọ́ ká orí, wọ́n ta á nù bí ẹni ń ta ibi nù kí wọ́n tó dé títì.

Ó wá ku àwọn obìnrin mẹ́ta yìí pẹ̀lú ilẹ̀ tí wọ́n tú.

“Ìyá Máyọ̀wá,” ni Ìbílọlá wí, kò pariwo, “kí ni mo fi ṣe yín?”

Yẹ́misí wo ilẹ̀. “Yèyé máa ń rẹ́rìn-ín lọ́dọ̀ yín.”

Ìbílọlá dúró bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. “Nítorí ẹ̀rín?”

“Kì í rẹ́rìn-ín lọ́dọ̀ mi.”

“Ẹsẹ̀ mi ló ń jó mi bí ata,” ni Yèyé dá sí i láti ibi tó dúró sí. “Ilẹ̀ ulé rẹ gbóná. Koríko tutù. Mo sọ fún ọ tó.”

Ó sọ ọ́ lóòótọ́. Ìpara ni Yẹ́misí rà.

Ìbílọlá jókòó sórí pèpéle rẹ̀. “Èpò ni mo ń tu láàárọ̀ tí ẹ rí mi. Ti bàálù yẹn náà, ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tó dá mi padà? Ìgbẹ́ gbuuru. Mo jẹ ẹ̀wà tó ti kan. Ọkọ mi ní kí n máa lọ sílé, òun á pè mí bóun bá dé.” Ó fi ìborùn nu imú. “Ká ní ẹnì kan wà tó já bàálù náà lulẹ̀ ni, inú mi ì bá dùn. Ǹ bá rẹ́ni bínú sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà! Ta ni kí n sọ ìyẹn fún?”

Yẹ́misí kúnlẹ̀, ó mú ìdì koríko kan, ó fi gbòǹgbò rẹ̀ sínú ilẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Kò gbin koríko rí láyé rẹ̀. Ìbílọlá wò ó, ó sì lọ fa rọ́bà omi wá.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ kí wọ́n tó gbìn ín dé ìdajì. Ìyá gbé ẹsẹ̀ lé èyí tí wọ́n ti bomi rin, ó sì sọ nǹkan kan sí Ìbílọlá létí. Ìbílọlá tí ojú rẹ̀ ṣì wú bú sẹ́rìn-ín, ìyá náà bú sẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ìlara náà tún dìde lọ́kàn Yẹ́misí, kíá, bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀. Ó fẹ́ dìde kó máa lọ dáná. Ó ti ń gbọn yẹ̀pẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ nù.

“Yèyé,” ló wí dípò bẹ́ẹ̀, “kí lẹ sọ? Ẹ tún un sọ, kí èmi náà gbọ́.”

Ìyá rẹ̀ wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

“Jókòó ná,” ló wí.