Ibi Tí Oòrùn Ti Yọ Nínú Àwòrán Barnabé

Kí Barnabé Lescuyer tó wọ yàrá onípákó tí wọ́n tì í mọ́, ó ti mọ̀ pé ìgbà ìkẹyìn nìyí. Ẹni tó bá ti pé ọgbọ̀n ọdún kò lè kópa nínú ìdíje ayàwòrán tí wọ́n ń pè ní ti Róòmù mọ́, òun náà yóò sì pé ọgbọ̀n kí ewé tó wọ́ lẹ́bàá odò Seine. Ẹni tó bá borí, ọba ni yóò rán an lọ sí Róòmù, kó lọ máa jẹ, kó máa mu, kó máa ya ère àtijọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi di ọwọ́ ọ̀gá. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, kó padà sí Rouen, kó máa ya ẹlẹ́dẹ̀ sára pátákó ilé ọtí. Barnabé ti ya ẹlẹ́dẹ̀ rí. Ẹlẹ́dẹ̀ ọ̀hún dára, ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ náà ni.

Òfin ìdíje náà le ju ti ẹ̀wọ̀n lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á pe ìtàn kan fún gbogbo wọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kóówá á ti fi gègé ya tirẹ̀ sórí bébà, wọ́n á lu òǹtẹ̀ ọba mọ́ ọn, wọ́n á gbé e pamọ́. Ohun tó wà lórí bébà yẹn gan-an ni o máa yà sórí aṣọ àwòrán ńlá. O ò gbọdọ̀ sún ẹnikẹ́ni, o ò gbọdọ̀ yí ọrùn ẹnikẹ́ni padà. Bí ọkàn rẹ bá yí, ìyẹn kàn ọ́.

Ìtàn ọdún yìí ni ti ìyá ará Sparta kan, ìlú àwọn jagunjagun Gíríìkì àtijọ́, tí ogun ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ, tó wá ń gbé asà lé àbíkẹ́yìn rẹ̀ lọ́wọ́. Ìwàǹwára kò jẹ́ kí Barnabé ronú. Ó to ọmọ ogun mẹ́fà gàgàrà sí àárín, itan wọn rí bí òpó ààfin. Ìyá àti ọmọ ńkọ́? Ó há wọn mọ́ ìkángun ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kan, bí ẹni tó wá tọrọ iná.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kí ojú rẹ̀ tó là. Baba Anselme, tó ń ṣọ́ àwọn yàrá náà, tó máa ń tú agbọ̀n oúnjẹ wò kí ẹnikẹ́ni má baà fi àwòrán ẹlòmíì ránṣẹ́ sí wọn, ló ṣílẹ̀kùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Oòrùn bá a wọlé. Ó fo àwọn ọmọ ogun dá, ó lọ bà lé ìyá yẹn lójú.

Barnabé gbé ṣíbí dúró sẹ́nu.

"Baba Anselme, ẹ dúró síbẹ̀."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ sún sí òsì díẹ̀. Ẹ̀ ń dí oòrùn."

"Ọbẹ̀ àlùbọ́sà rẹ ń tutù, o ń bá oòrùn ṣeré. Ọmọ yìí, ṣé orí ẹ pé?"

Barnabé tẹjú mọ́ àwòrán rẹ̀. Ìyá yẹn ló ni ìtàn! Àwọn mẹ́fà tó dúró láàárín, òbúkọ lásán ni wọ́n. Bó bá sì sún ìyá wá sáàárín, wọ́n á gbé àwòrán náà sọnù. Ó kérora.

Gatien Morvilliers, ọmọ ọlọ́lá tó wà ní yàrá kejì, gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn pákó.

"Ẹ̀gbọ́n Barnabé, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ẹlẹ́dẹ̀ ti tún yọjú ni?"

"Gbájú mọ́ ẹṣin inú àwòrán tìẹ, Gatien. Wọ́n ní orúnkún mẹ́ta ló ní lẹ́sẹ̀ kan."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ẹ̀rín bú láti àwọn yàrá yòókù. "Ẹ gbọ́, tẹ́ ẹ bá lè borí, ọrùn mi yìí ni màá fi gbé yín yí àgbàlá ká bí wọ́n ṣe máa ń gbé olúborí, tòun ti gbogbo wàràkàṣì Rouen tó wà níkùn yín."

"Tètè máa jẹun dáadáa nígbà náà. Mo wúwo."

Ẹnu ló fi ń ṣẹ̀fẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn. Kì í ṣe èyí tí Baba Anselme dúró sí o. Èyí tó wà nínú àwòrán. Òun fúnra rẹ̀ ló yà á sórí bébà, ó sì yà á ní ṣíṣí díẹ̀. Ìlà ni gègé ń fà, gègé kì í sọ ibi tí oòrùn wà. Ta ló wá béèrè ohun tó ń gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé?

Ó gbá búrọ́ọ̀ṣì tó tóbi jù lọ mú, ó tì í bọ ọ̀dà dúdú. Itan tó ti ń yà láti ọjọ́ yìí wá, ó da òjìji bò wọ́n láìṣẹ́jú, ìlà ara wọn ṣì hàn fírífírí, àṣíborí wọn nìkan ló ń kọ mànà. Lẹ́yìn náà ló wá ṣí oòrùn sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó jẹ́ kó ṣàn sójú ìyá, sí ọwọ́ rẹ̀, sí etí asà. Ó ń kọrin. Kò mọ̀ pé òun ń kọrin, àfi ìgbà tí Gatien bẹ̀rẹ̀ sí í gbá pákó.

Nígbà tí wọ́n gbé àwọn àwòrán kọ́ fún ará ìlú láti wò, ọ̀dọ̀ Barnabé ni èrò há sí. Alágbàfọ̀ kan na ọwọ́ tí ọṣẹ ti bó:

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyá yẹn kò fẹ́ fún un. Ẹ wo ìka rẹ̀, kò tíì tú asà yẹn sílẹ̀."

Àlùfáà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yọ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì tún wò.

Ṣùgbọ́n alágbàfọ̀ kọ́ ló ń ṣèdájọ́. Lọ́jọ́ ìdájọ́, àwọn olùdíje dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, wọ́n ń tẹ́tí. Fontbrune, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́, ọ̀gá tó kọ́ Gatien níṣẹ́, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Èyí kọ́ la lu òǹtẹ̀ fún. Ẹ yọ ọ́ kúrò."

Barnabé mọ̀ pé tòun ni wọ́n ń wí. Ó rí Rouen, ó rí ẹlẹ́dẹ̀.

"Ẹ gbé bébà rẹ̀ wá," ni arúgbó Delorière, olórí àwọn adájọ́, wí. "Ọmọ ogun àkọ́kọ́?"

"Ó bá a mu," ni adájọ́ kan dáhùn.

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Wọ́n bá a mu, títí dé ìka ẹsẹ̀."

"Ìyá? Ilẹ̀kùn?"

"Ó ṣí bó ṣe ṣí lórí bébà."

"Oòrùn ńkọ́?" ni Fontbrune figbe ta. "Mo ní oòrùn ńkọ́?"

"Ọ̀gá Fontbrune, ẹ bá mi wá òfin tó sọ ibi tí oòrùn gbọ́dọ̀ ti yọ."

Bébà ń ta pàpà. Kò sẹ́ni tó rí òfin kankan. Kò pẹ́, ilẹ̀kùn ṣí, Delorière alára pe Barnabé Lescuyer ní olúborí, ariwo sì gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Gatien wá pẹ̀lú ojú pípọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Barnabé.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ mi ni mo wá mú ṣẹ. Ẹ gun ọrùn mi. Ẹ ṣáà rọra."

Barnabé gun ọrùn rẹ̀ tìrọ̀rùntìrọ̀rùn. Gatien dìde, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ibọ̀sẹ̀ ṣẹ́dà rẹ̀ já wálẹ̀.

"Orúnkún ẹṣin rẹ yẹn dà?" ni Barnabé bi í látòkè. "Òní la nílò ẹ̀kẹta."

Gatien bú sẹ́rìn-ín, ó sì gbé e jáde sínú oòrùn àgbàlá.