Iṣẹ́ Tó Ń Mú Ẹ̀rín Wálé

"Ìlọ́po méjì?" Ọkọ rẹ̀ gbé ṣíbí kalẹ̀. "Ìlọ́po méjì owó oṣù rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú mọ́tò tí yóò máa wá gbé mi nílé."

Ó rò pé inú ọkọ òun yóò dùn. Láti ìgbà tí ọkùnrin náà ti fi iṣẹ́ awakọ̀ sílẹ̀, owó iṣẹ́ ìyàwó ni gbogbo ilé ń jẹ. Yàrá méjì tí wọ́n ń gbé sì ti há mọ́ àwọn àti ọmọ mẹ́ta, bí bàtà ọdún tó kọjá ṣe ń há mọ́ ọmọ tó ń dàgbà.

Iṣẹ́ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ni obìnrin yìí ń ṣe. Ẹni tí wọ́n bá gé lẹ́sẹ̀ nílé ìwòsàn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń darí rẹ̀ sí. Yóò gé ike, yóò fá a títí tí kò fi ní máa ha ẹni tó wọ̀ ọ́ lára. Ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń ta irinṣẹ́ ìwòsàn ló wá pè é pé kó máa bá àwọn tajà.

"Mo lọ wo ibẹ̀ lónìí. Ó mọ́ tónítóní. Mo wá bi ọ̀gá wọn pé, bí a bá ta ẹsẹ̀ tán, ta ló máa ń wo bí ẹni náà ṣe ń rìn? Ó ní ìyẹn kò kàn wá."

Ọkọ rẹ̀ fa àga sún mọ́ ọn.

"Ìyá àwọn ọmọ, nígbà tí mò ń wakọ̀ fún àwọn olówó yẹn, ṣebí owó ń wọlé?"

"Ó ń wọlé."

"Èmi ńkọ́? Báwo ni mo ṣe ń wọlé?"

"Bí ẹni tí wọ́n lù ní àlùbami. Àwọn ọmọ á ti sá wọ yàrá kí ẹ tó bọ́ bàtà."

"Ìwọ lo ní kí n fi í sílẹ̀. O gbé ilé yìí ru, o kò fi bú mi rí. Mi ò tíì dúpẹ́ tó." Ó nu ojú. "Lánàá, o ní bàbá àgbà kan fi ẹsẹ̀ tuntun rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí wọ́n lọ fi ọ̀pá òun dáná. O fi ìyẹn pa wá lẹ́rìn-ín títí oúnjẹ fi tutù. Níbo ni wọ́n ti ń ta irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn ọmọ ńkọ́? Ilé yìí ti kéré."

"Lọ́jọ́ Ajé, mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wọn. Àárọ̀ yìí la sọ ọ́ parí. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Aríwo ọmọdé sì sàn ju èébú àgbàlagbà lọ."

Obìnrin náà di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó sì fi fóònù pe ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ẹ ṣeun tí ẹ rò mí sí rere, ṣùgbọ́n mi ò ní lè wá... Rárá o, sà, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ọlọ́run á fi ẹni rere ta yín lọ́rẹ."

Ó gbé fóònù kalẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní àwọn á tún fi kún un."

"Èló?"

"Mi ò jẹ́ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ mí kanlẹ̀. "O ṣeun, o jàre. Ká ní o jẹ́ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ ni, èmi fúnra mi ni ǹ bá bá ọ di ẹrù lọ síbẹ̀!"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ sáré jáde láti inú yàrá, wọ́n ń bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.