Fọ́lẹ̀kùn àti Ẹni Tó Rán An

Nígbà tí agbẹjọ́rò Fọ́lẹ̀kùn dìde nílé ẹjọ́, tó ń ka gbogbo oríyìn tí ìjọba ti fún un, Ìyá Oníbúrẹ́dì di etí àga tó jókòó lé mú gírígírí kí ó má baà pariwo.

Ọlọ́pàá ni Fọ́lẹ̀kùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ náà, nítorí pé nínú ikọ̀ tó ń gbógun ti oògùn olóró, òun ló máa ń ṣíwájú, kì í sì í kan ilẹ̀kùn. Fífọ́ ló máa ń fọ́ ọ. Orúkọ ìyìn ni wọ́n kà á sí. Ilẹ̀kùn tó fọ́ gbẹ̀yìn ni ti ilé búrẹ́dì Ìyá Oníbúrẹ́dì àti ọkọ rẹ̀, ọkọ náà kò sì tún dìde mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀rọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ yìí. Kò sí ohun tó lè lé e sáré. Bí òjò bá ṣú tí gbogbo èèyàn ń ká aṣọ lórí okùn, Ẹ̀rọ̀ á ṣì máa bi aṣọ tirẹ̀ léèrè bóyá ó ti gbẹ. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Ṣé bí o ṣe máa rọra rìn dé ọ̀run náà nìyẹn?” Kò mọ̀ pé wọn ò ní jẹ́ kó rọra rìn lọ.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n dé. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun ń dún débi pé àfi kéèyàn fẹnu lé ẹnìkejì rẹ̀ létí kó tó gbọ́rọ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì wà níwájú, ó ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá fún oníbàárà. Ẹ̀rọ̀ wà nídìí ààrò lẹ́yìn, ó di igi gbọọrọ tí wọ́n fi ń fa búrẹ́dì síta mú. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn là gbàgà. Ó yíjú padà pẹ̀lú igi lọ́wọ́, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń ṣe gbogbo nǹkan. Ìbọn dún lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ìyàwó rẹ̀ tó dé ẹ̀yìn, àwọn ọlọ́pàá ti ń tú àpò ìyẹ̀fun dà sílẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì nà gbalaja nídìí ààrò. Ó fẹ́ bẹ́ mọ́ ọn, wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ dè é mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì.

“Níbo lẹ kó o pamọ́ sí?” Fọ́lẹ̀kùn ló ń bi í.

“Kí ni?”

“Oògùn!”

“Búrẹ́dì là ń ṣe, ẹ̀yin èèyàn yìí! Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn!”

Kò sẹ́ni tó gbé e. Ibẹ̀ ló kú sí, lójú ìyàwó tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó o.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀gá àgọ́ wọn jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin sísanra kan ni, ohùn rẹ̀ dùn bí ti oníwàásù. Ó gbé ọ̀rá kan sókè, ó ní oògùn olóró ló wà nínú rẹ̀, ó ní olówò oògùn kan ló gbé ohun ìjà sí àwọn ọmọ òun. Ìwúkàrà ló wà nínú ọ̀rá náà, ohun tó ń mú búrẹ́dì wú. Láti ọjọ́ yẹn làwọn oníbàárà ti ń gba òdìkejì títì kọjá. Àwọn kan tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín pé, “Abájọ tí búrẹ́dì wọn fi máa ń wuni í jẹ!” Ẹ̀rín yẹn ló mú omijé gbẹ lójú Ìyá Oníbúrẹ́dì, tó fi ìbínú rọ́pò rẹ̀.

Irọ́ náà ì bá sì dúró, ká ní wọ́n fọgbọ́n pa á. Kí wọ́n tó lè gba àṣẹ láti wọlé onílé, Fọ́lẹ̀kùn ti búra pé olófòófó òun kan, Eṣinṣin, ra oògùn lọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Amòfin tó ń ran Ìyá Oníbúrẹ́dì lọ́wọ́, ọmọbìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, wá Eṣinṣin kàn. Ọjọ́ tí wọ́n ní ó ra oògùn, inú ẹ̀wọ̀n ló wà, ní ìlú mìíràn.

“Àfi tí mo bá fò gba ojú fèrèsé,” ni Eṣinṣin wí fún ilé ẹjọ́. “Orúkọ lásán ló ń jẹ́ Eṣinṣin o, mi ò níyẹ̀ẹ́.”

Bí wọ́n ṣe dá Fọ́lẹ̀kùn lẹ́bi nìyẹn, fún irọ́ tó búra lé lórí àti fún ẹ̀mí tó gbà.

Kí ọjọ́ ìdájọ́ tó pé, ìyá rẹ̀ wá sí ilé búrẹ́dì. Arúgbó ni. Bó ṣe wọlé ló kúnlẹ̀.

“Ọmọ mi, ẹ bá mi sọ fún adájọ́ pé ẹ ti dárí jì í. Òun nìkan ni mo bí.”

Ìyá Oníbúrẹ́dì fà á dìde. “Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, mà. Ẹ̀yin kọ́ lẹ pa á.”

“Iṣẹ́ ni wọ́n rán an.”

“Ta ló rán an, mà?”

Ìyá arúgbó bẹ̀rẹ̀ sí í tún gèlè rẹ̀ wé. Ìyá Oníbúrẹ́dì fún un lómi mu, ó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, àmọ́ kò ṣèlérí kankan fún un.

Ìbéèrè yẹn ló gbé lọ sílé ẹjọ́. Nígbà tí wọ́n ka oríyìn tán, adájọ́ ní kí ó sọ tẹnu rẹ̀.

“Olúwa mi,” ló wí, “wọ́n ní kí n wá sọ bó ṣe ń dùn mí. Ó dùn mí títí, ó sú mi. Inú ló ń bí mi báyìí. Wọ́n ti ka oríyìn ọkùnrin yìí, ẹ jẹ́ kí n ka ti ọkọ mi: kò fọ́ ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù. Ta ló rán an? Ta ló wo ìwúkàrà tó pè é ní oògùn?”

“Màmá, ẹ ò lè bi ẹlẹ́jọ́ ní ìbéèrè.”

“Mi ò bi í, Olúwa mi. Afẹ́fẹ́ ni mò ń bi. Bó bá gbọ́, kó dáhùn.”

Fọ́lẹ̀kùn sorí kọ́. Adájọ́ yíjú sí i. “Ìbọn tí o yìn, o lè ní ẹ̀rù ló bà ọ́. Irọ́ ńkọ́? O jókòó, o ronú, kí o tó pa á.” Ó rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá.

Ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá wọn wà ní ìlà ẹ̀yìn. Bó ṣe gbọ́ iye ọdún, ó ki fìlà bọ abíyá, ó ń yọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà láìwẹ̀yìn. Fọ́lẹ̀kùn rí i.

“Ọ̀gá! Ẹ̀ ń lọ? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n wá ẹni mú kí oṣù tó parí! Ẹ̀yin lẹ ní kí n lo orúkọ Eṣinṣin! Mo sọ fún yín pé ìwúkàrà ni, ẹ ní kí n panu mọ́!”

Ilé ẹjọ́ dàrú. Adájọ́ ń gbá tábìlì pé kí wọ́n dá ọkùnrin náà dúró, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà ń wojú ara wọn. Ìyá Oníbúrẹ́dì kò wojú ẹnikẹ́ni. Ó ti débẹ̀, ó dínà.

“Ẹ padà lọ jókòó, sà. Wọ́n ń pè yín.”

“Màmá, ẹ kúrò lọ́nà.”

“Fọ́ mi kọjá, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣáà máa ń ṣe! Tàbí kò sí ẹni tí o máa rán níṣẹ́ lónìí?”

Ọ̀gá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ó padà lọ jókòó.

Wọ́n pe òun náà lẹ́jọ́, wọ́n sì dá a lẹ́bi. Àmọ́ adájọ́ mìíràn ló jókòó lọ́jọ́ tirẹ̀. Ó ní ọ̀gá ti darúgbó, ó ti sin ìlú pẹ́, kí ó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún méjì tàbí kí ó san owó ìtanràn. Ó sanwó, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó gba ilé lọ.

Lórí àtẹ̀gùn ilé ẹjọ́, Ìyá Oníbúrẹ́dì dojú kọ amòfin. “Ọmọ arúgbó wà lẹ́wọ̀n, ọkọ mi wà nínú ilẹ̀, òun wà nínú ọkọ̀!”

“Ìjọba lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn,” ni amòfin wí, “bí a bá lọ bá wọn fínra. Ó lè pẹ́ o, mà. Ẹ lọ sinmi ná.”

“Ìsinmi ti bọ́ lọ́wọ́ mi tipẹ́. Ọ́fíìsì wọn dà?”

Amòfin nawọ́ sí ilé alájà kan lódìkejì títì. Kó tó kó àwọn ìwé rẹ̀ jọ, Ìyá Oníbúrẹ́dì ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń gba àárín ọkọ̀ kọjá, àwọn awakọ̀ ń fun fèrè, òun náà sì ń bú wọn padà.