Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Orí Igi Máńgòrò

Ọkọ mi Àrìmíyàù kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn igi. Láti ọjọ́ tí a ti ń gbé agboolé yìí ní Treichville, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ìlú, ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ nípa igi máńgòrò tó wà láàárín ọgbà wa ni pé ewé rẹ̀ ń já sínú omi àlùwàlá òun. Ọmọ ọmọ wa, Siddiqah, ló sọ igi náà di ọ̀rọ̀ nínú ilé.

Ìbráhìm, àkọ́bí wa, ló bí i. Ìlú San Pédro ni Ìbráhìm ti ń ṣiṣẹ́, ó sì mú ọmọ náà wá bá wa kó lè lọ sí kọ́léèjì níbí. Yàrá tí mo fún un, òun àti àwọn páálí àgádágodo tí ọkọ mi ń tà lọ́jà ni wọ́n jọ ń sùn níbẹ̀, páálí ló sì ní àyè jù. Ọmọ náà kò ráhùn. Ó kàn gbójú sókè lọ́jọ́ kan, ó rí igi máńgòrò.

Ó tọrọ pákó lọ́wọ́ àwọn tó ń já ẹrù ní èbúté, ó sì gbé e gorí igi díẹ̀díẹ̀. Tapólì ìpolówó tòmátò alágolo ló fi ṣe òrùlé, ojú obìnrin tó ń se ọbẹ̀ nínú àwòrán náà ti ya dà nù, ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín nìkan ló kù. Irin ojú fáànù tó ti bàjẹ́ ló fi ṣe fèrèsé. Ó fi okùn kọ́ garawa kékeré kan tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ nísàlẹ̀, èmi ni mo máa ń bu àlókò, ìyẹn dòdò, sínú rẹ̀. Láti ojú fèrèsé yẹn, ó ń wo àwọn ilé gíga Plateau ní òdìkejì ọ̀sà, ó ń yà wọ́n sínú ìwé, ó sì ń gbin igi sórí wọn bó ṣe wù ú. Lọ́jọ́ kan tí ilé dá, mo yọ́ gòkè lọ wo ibẹ̀. Inú mi dùn débi pé mi ò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Ìkíni ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọkọ mi ti mọ́sálásí dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbọ́ "Ẹ káàárọ̀, Papi." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹnì kankan, àfìgbà tó gbójú sókè. Tí inú bá ń bí ọkọ mi sí ẹlòmíràn, èmi ló máa ń bá sọ̀rọ̀. Ó bi mí bóyá mo ti rí i rí ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí ọmọ máa kí bàbá rẹ̀ láti òkè bí ẹyẹ ẹ̀gà. Mo ní ọmọ náà kúkú kúnlẹ̀. Ó ní orí òun ló kúnlẹ̀ lé.

Láti ọjọ́ náà, Siddiqah bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ kí àgbà. Ẹ sì mọ agboolé tó kún fún àgbà. Bó bá kúnlẹ̀ kí ẹni tó ń jáde, tó sì gun igi padà, ẹlòmíràn á tún wọlé. Orúnkún ọmọ náà bó, kò ráyè ya ilé kan mọ́. Síbẹ̀, ọkàn ọkọ mi kò balẹ̀. Ó tún wá ṣàkíyèsí pé bí òun bá ń jẹun lábẹ́ igi, ọmọ náà jókòó lé abọ́ oúnjẹ òun lórí ni. Nígbà tó di ọjọ́ Túsìdeè, ó dájọ́: bí òun bá ti kírun Jímọ̀ dé, òun kò fẹ́ rí pákó kan ṣoṣo lórí igi yẹn.

Siddiqah kò sunkún lójú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló ti wá sun ún. Ọmọ yìí gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́, Faransé ni ẹnu rẹ̀ ń sọ. Ó ní ibẹ̀ nìkan ni ibi tó jẹ́ tòun láyé yìí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Mo pàrọwà fún un pé bàbá rẹ̀ àgbà kì í ṣe ìkà, pé wíwà nísàlẹ̀ ọmọdé ni kò lè gbà. Ó nu ojú rẹ̀.

"C'est tout, Mamie? Pé ó wà nísàlẹ̀ mi, ìyẹn nìkan ni?"

Mo ní ìyẹn nìkan ni. Ní ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ìró òòlù, mo rò pé ó ti ń tú u palẹ̀ ni.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Nígbà tí ọkọ mi ti Jímọ̀ dé nínú jalabíà funfun rẹ̀, pákó kan kò yẹ̀ kúrò. Lókè yàrá Siddiqah ló tún ti kan ilẹ̀ pákó mìíràn mọ́ ẹ̀ka igi tó nípọn jù, ó ní ibi tí èèyàn lè dì mú, ó ní ẹní, ó ní tìmùtìmù, àkàsọ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ dáadáa fún ẹsẹ̀ àgbà. Ọmọ náà kúnlẹ̀ sínú iyanrìn.

"Papi, ẹ má bínú. Ẹ ní mi ò gbọdọ̀ wà lókè yín. Donc, mo kọ́ tiyín sókè tèmi."

Ọkọ mi yí igi náà po. Mo rí i pé ó ń wá àléébù sí i, kò sì rí. Òfin tirẹ̀ gan-an ni ọmọ náà fi kọ́lé. Ó ní ẹni tó tó òun kì í gun igi. Mo ní òótọ́ ni, pé kò sí ìtìjú nínú kí ẹ̀rù máa ba àgbàlagbà. Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ló ká jalabíà sókè.

Nígbà tó dé ìjókòó òkè, ó jókòó sórí ẹní. Lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn ọ̀sà fẹ́ sí i, mo gbọ́ tí òun nìkan ń rẹ́rìn-ín. Garawa sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí n bu tíì sí i fún òun.

Kò tíì mu tíì náà tán tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alájì Sàlíhù, wọlé láti Abobo. Bàbá yìí ló tọ́ ọkọ mi dàgbà, òun ló fi pàṣán kọ́ ọ ní ìkíni, ohun tó bá sì sọ nínú ẹbí wa, kò sẹ́ni tó ń jiyàn rẹ̀. Inú ọkọ mi dùn láti rí i, ó gbàgbé ibi tó wà, ó kí i káàbọ̀ látòkè. Gbogbo ọgbà yíjú sókè wò ó. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí pákó, fìlà rẹ̀ já bọ́ síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Alájì Sàlíhù béèrè ẹni tó kọ́ ọ. Siddiqah ní òun ni. Ó béèrè ẹni tó fún un láṣẹ. Ọmọ náà wò mí, torí kò sẹ́ni tó fún un. Mo ṣì ń wá irọ́ tí kò ní bí Ọlọ́run nínú nígbà tí ọkọ mi fọhùn, ojú rẹ̀ ṣì wà lórí pákó.

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo ní kó kọ́ ọ."

Èmi tí mo gbọ́ ìdájọ́ ọjọ́ Túsìdeè, ilẹ̀ ni mo ń wò.

Alájì Sàlíhù ní ó dáa, pé kí àbúrò sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n lè wo bí ìjókòó náà ṣe rí. Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀. Bàbá arúgbó gun òkè lọ láìmí hẹlẹ, ó fẹ̀yìn ti tìmùtìmù, ó ní Alhamdulillah. Ọkọ mi, tó gùn tẹ̀ lé e kó má baà ṣubú, wá dúró sáàárín àkàsọ̀. Kò lè padà sókè, kò sì fẹ́ bọ́ sílẹ̀ lójú gbogbo agboolé. Ó tẹrí ba, ó wọ yàrá Siddiqah. Kò wọ ibẹ̀ rí. Ọmọ náà gòkè tẹ̀ lé e, ó sún jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Láti ìsàlẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ wọn. Ọkọ mi ń béèrè ìdí tí igi fi hù lórí báńkì nínú àwòrán ọmọ náà, ọmọ náà ń fi Yorùbá àti Faransé dá a lóhùn, bàbá náà kò sì jẹ́ kó parí ọ̀kan tó fi ń tọ́ka sí òmíràn. Ọkọ mi yìí kan náà ló máa ń sọ pé ọmọ náà kì í bá òun sọ̀rọ̀.

Nígbà tó di àṣálẹ́, Alájì Sàlíhù sọ̀ kalẹ̀, ó ṣàdúà fún wa, ó lọ. Mo ké sí ọkọ mi pé ìjókòó rẹ̀ òkè ti ṣófo. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀ ná, ọmọ náà kò tíì ṣàlàyé tán.