Àdúrà Tó Ṣáájú Ìpàdé

Orrin Pelkey kò gba Ọlọ́run gbọ́, gbogbo ìlú Tolman ló sì mọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ wọn. Ó kọ ọ́ pé àwọn tó ń du ipò ní Washington máa ń gbé Bíbélì lọ́wọ́ bí ọmọdé ṣe ń gbé ìwé tí kò tíì lè kà. Ó kọ ọ́ pé bí àsíá bá ṣe tóbi tó lẹ́nu ọ̀nà olóṣèlú ni irọ́ inú ilé rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Bí ìbọn bá pa ọmọ ilé-ìwé, ó ní, àdúrà ni àwọn alágbára máa ń fi ránṣẹ́, torí àdúrà ò ná wọn ní nǹkan kan. Àwọn ará ìlú á kà á, wọ́n á bú u, wọ́n á sì tún ra ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ìpàdé ìlú, nínú oṣù kẹta, Verna ìyàwó rẹ̀ nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀. Àrùn ọkàn ń ṣe Verna. Ẹ̀ẹ̀mejì ni áńbúláǹsì ti sáré gbé e nígbà òtútù yẹn. Ìlú kejì ló ni áńbúláǹsì náà. Tolman ń sanwó kí wọ́n lè máa wá. Lọ́jọ́ náà ni ìlú yóò dìbò bóyá àdéhùn yẹn á máa bá a lọ, tàbí á parí lópin oṣù. Bó bá parí, òmíràn tó sún mọ́ wọn wà lẹ́yìn òkè, níbi tí ọkọ̀ kì í tètè dé bí ọ̀nà tilẹ̀ dára.

Verna di kọ́là ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà.

"Orrin, lónìí nìkan ni mo bẹ̀ ọ́. Tí Pásítọ̀ bá ń gbàdúrà, máa wo ilẹ̀. Máa ka ìṣó inú pákó."

"Kò yẹ kí wọ́n máa gbàdúrà níbi ìpàdé ìjọba."

"Ọdọọdún lo ń sọ ọ́ fún wọn. Ṣé wọ́n gbọ́ rí?"

"Wọn ò gbọ́."

"Fi wọ́n sílẹ̀, kí wọ́n di adití lónìí náà. Dákẹ́ nítorí tèmi."

"Mo ti gbọ́."

"'Mo ti gbọ́' kọ́ ni mo ní kí o sọ."

"Màá dákẹ́, Verna."

Gbọ̀ngàn ìlú kún. Àwọn arúgbó jókòó níwájú, ọ̀pá wọn láàárín orúnkún. Àwọn ló fẹ́ áńbúláǹsì jù. Claudine Ouellette tó jẹ́ alága ti fi ọ̀rọ̀ áńbúláǹsì ṣáájú gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù, torí rédíò ti kéde pé yìnyín á bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án. Ó fẹ́ kí àwọn arúgbó dìbò kí wọ́n sì tètè relé. Lẹ́yìn ni Rodney Grindle wà, ẹni tó ń fi ọkọ̀ ńlá kó gẹdú, pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀ tó ní owó orí ti pọ̀ jù, tí wọn ò fẹ́ kí ìlú máa sanwó áńbúláǹsì mọ́.

Pásítọ̀ Haskell dìde láti gbàdúrà. Gbogbo orí tẹ̀ ba. Orrin wo ilẹ̀, ó ń ka ìṣó. Pásítọ̀ gbàdúrà fún ààrẹ, ó gbàdúrà fún àwọn ọmọ ogun. Orrin ń ka ìṣó. Ni Pásítọ̀ bá ní:

"Olúwa, rántí Verna Pelkey, arábìnrin wa. Rọ ọkàn ọkọ rẹ̀ tó le bí òkúta, kí àìgbàgbọ́ ọkùnrin má di ẹrù sí ìyàwó lọ́rùn."

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó.

"Alága!" Orrin ti gbé orí sókè. "Mo tako àdúrà yìí. Mo dá a lábàá pé kí a yọ ọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé."

"Orrin, jọ̀ọ́," Claudine sọ. Ó mọ ohun tó ń bọ̀. "Àbí o fẹ́ fà á sẹ́yìn? Tí ẹnikẹ́ni ò bá kín ọ lẹ́yìn, a ó kọjá lọ."

"Mo kín in lẹ́yìn!" Rodney ké láti ẹ̀yìn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kí bàbá sọ̀rọ̀. Ṣebí orílẹ̀-èdè òmìnira la wà."

Bí a bá ti kín àbá lẹ́yìn, a gbọ́dọ̀ jíròrò lé e kó tó kan ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí ìpàdé ìlú ṣe rí nìyẹn. Àwọn ènìyàn Rodney dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbèjà Ọlọ́run. Orrin ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń borí wọn, àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ gbóná bí ara ọ̀dọ́mọkùnrin. Kò wo ojú fèrèsé.

Wọ́n dìbò lórí àbá rẹ̀, ó sì fìdí rẹmi. Claudine wo aago, ó fi òòlù lu tábìlì: ó ti di àkókò oúnjẹ.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá ìsàlẹ̀ gbọ̀ngàn, wọ́n jẹ ẹ̀wà àti páì. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ìta ti funfun. Àwọn arúgbó ń wọ ẹ̀wù òtútù.

Orrin sáré di Hollis Wadleigh, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, lápá mú. "Dúró díẹ̀, Hollis. Áńbúláǹsì ló kàn."

"Díẹ̀ tí o fi jà láàárọ̀ ńkọ́? Ojú mi ò ríran nínú yìnyín. Tí ọkọ̀ mi bá já sí kòtò, ta ni á wá gbé mi?"

Hollis gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Ó mi orí. Ó lọ.

Claudine ní kí àwọn tó fẹ́ áńbúláǹsì lọ dúró lápá fèrèsé, kí àwọn tí kò fẹ́ ẹ lọ sápá ààrò tó ń mú gbọ̀ngàn móoru. Orrin lọ sápá fèrèsé. Àwọn díẹ̀ tẹ̀ lé e. Pásítọ̀ Haskell náà rìn kọjá láàárín gbọ̀ngàn, ó wá dúró tì í. Apá ààrò kún dẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ má bínú sí wa, Bàbá Orrin," Rodney sọ láti ọ̀hún. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ká má gba ìjọba gbọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Pásítọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Mi ò ní in lọ́kàn láti dójú tì ọ́."

"O dójú tì mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìwọ náà ò sì dákẹ́."

Verna wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé nígbà tó délé, bùláńkẹ́ẹ̀tì lórí ẹsẹ̀.

"Ṣé wọ́n gbà á?"

"Wọn ò gbà á."

Verna fa bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè. Èémí rẹ̀ ń fọn.

"Ṣé o dákẹ́?"

Orrin ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ìka kan lẹ́yìn ìka kan. Kò purọ́ fún un rí.

"Ó dárúkọ rẹ, Verna."

Verna di ojú. "Àdúrà lásán ni, Orrin. Ìwọ lo máa ń sọ pé kò lè ṣe nǹkan kan."

Orrin tún ìbọ̀wọ́ rẹ̀ wọ̀, ó mú ṣọ́bìrì lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì jáde. Ó ń kó yìnyín kúrò láti ẹnu ọ̀nà títí dé títì, ó mú un fẹ̀ tó kí áńbúláǹsì lè yí padà níbẹ̀. Nígbà tó dé títì, ó wẹ̀yìn. Ọ̀nà náà ti funfun padà. Ó padà sẹ́nu ọ̀nà, ó tún bẹ̀rẹ̀.